Òjìji òkè kì í dúró de aago: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbi tá a ti lọ ya fótò Màmá mi

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí wọra, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ayàwòrán sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ ti yan aṣọ, tó wá ku kí ọjọ́ pé kẹ́ ẹ gorí òkè lọ ya fótò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Màmá mi ló pé 70 ọdún. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ni ká ya àwọn lórí òkè, kí àwọn òkè yòókù tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn wọn. Ọmọkùnrin ayàwòrán tá a gbà wo fóònù rẹ̀, ó ní oòrùn máa wọ̀ ní aago 6:50 ìrọ̀lẹ́, pé ká dé ibẹ̀ ní 5:30, torí ìgbà yẹn ni ìmọ́lẹ̀ máa ń rọ̀, tó máa ń dára lára èèyàn.

A dé ibẹ̀ kí 5:30 tó lù. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ta aṣọ yí Màmá ká kí wọ́n lè múra. Bí mo ṣe ń de bọ́tìnnì ẹ̀yìn aṣọ wọn ni mo rí i tí oòrùn ń fà kúrò lórí koríko. Òjìji òkè tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn ló ń bọ̀ wá bá wa. Ọmọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú díẹ̀." Màmá ká aṣọ wọn sókè, wọ́n sún. Òjìji bá wọn níbẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n sún. Ẹni 70 ọdún ń lé oòrùn kiri lórí òkúta, pẹ̀lú bàtà tí kò di ilẹ̀ mú, títí ilẹ̀ fi tán níwájú wa.

Bí oòrùn ṣe kúrò lára wa báyìí ni òtútù dé. Kò dé díẹ̀díẹ̀ rárá. Aṣọ Màmá fẹ́lẹ́, apá wọn wà níta, ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Ẹ rẹ́rìn-ín, Màmá," ni ọmọkùnrin náà ń wí. Wọ́n ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti mú kí omi máa dà lójú wọn, omi náà sì ń fa àtíkè lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ti tó báyìí?" Mo bọ́ kóòtù mi fún wọn, mo ní ká máa lọ.

Nígbà tí fótò dé, ojú Màmá rí bí ẹni tó fi eérú para, àwọn òkè ẹ̀yìn wọn sì funfun báláú. Ẹni tó bá wà nínú òjìji, ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà nìkan ló ń kàn án lára, búlúù sì ni ìmọ́lẹ̀ yẹn. Òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ní tiẹ̀ ṣì wà nínú oòrùn. Agbára káká ni kámẹ́rà fi lè gbé méjèèjì pọ̀.

Tí ẹ ò bá ní mú nǹkan míì níbí, ẹ mú èyí: aago tí fóònù ń pè ní ìwọ̀ oòrùn, bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé ìsàlẹ̀ ojú sánmà ni wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Tí òkè bá wà níwájú yín, ó lè bo oòrùn ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú aago yẹn. Àwọn kan ti sọ fún mi pé èmi ló yẹ kí n béèrè. Mi ò gbà. Ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ ló yẹ kó lọ wo ibi iṣẹ́.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ na apá gbọọrọ síwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí yín, kẹ́ ẹ to ìka sí àárín oòrùn àti góńgó òkè tó máa bò ó. Ìka kan dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, torí náà ìka mẹ́rin jẹ́ nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ má tẹjú mọ́ oòrùn fúnra rẹ̀ o. Ètò orí fóònù tó ń jẹ́ PhotoPills náà máa ń fi ọ̀nà tí oòrùn máa gbà hàn lórí òkè tó wà níwájú yín gan-an.

A padà lọ pẹ̀lú ayàwòrán míì. Obìnrin yẹn ti lọ wo ibẹ̀ ṣáájú, ó sì yan àárọ̀, níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó kọjú sí ìlà oòrùn. Fótò náà ti wà lára ògiri Màmá báyìí.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí àwọn nǹkan tó kù. Inú àpò abẹ́ kóòtù ló ń kó bátìrì rẹ̀ sí, torí òtútù máa ń jẹ́ kó tètè kú. Ó jìnnà sí Màmá, ó fi lẹ́ǹsì gígùn yà wọ́n, òkè ẹ̀yìn wọn sì tóbi gan-an. Ẹni àkọ́kọ́ súnmọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí, òkè wá kéré. Ní ti aṣọ, bí ẹ bá ṣe ń fi 1,000 mítà gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fi nǹkan bí 6.5°C tutù sí i, torí náà ẹ wọ nǹkan tó nípọn sábẹ́, kẹ́ ẹ sì bọ́ kóòtù kìkì ìgbà tí kámẹ́rà bá ti ṣe tán. Bí ààrá bá sán, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ ò tíì ya ẹyọ kan.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ayàwòrán yín pé, "Aago mélòó ni òjìji máa dé ibi tá a máa dúró sí?" Tó bá jẹ́ aago ìwọ̀ oòrùn orí fóònù ló kà fún yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì.