Ihò kékeré lẹ́sẹ̀ mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni o, wọ́n ti lu ihò sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń jó mi bí iná lóru yìí, dókítà ní àwọn náàfù tín-ín-tín inú awọ, àwọn tó ń jẹ́ ká mọ nǹkan lára, ló fura sí, tẹ́ẹ̀sì oníná tí mo ṣe lọ́jọ́sí ò lè rí wọn, àfi kí wọ́n gé awọ lọ kà wọ́n ní láàbù.

Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ara kú ló dùn mí jù, ó ta mí bí ìjàlọ! Dókítà wá mú irin roboto kan tẹ́nu ẹ̀ ò ju mílímítà 3 lọ, ó gbé e sókè ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó ń yí i bí ẹni ń yí ìdérí ìgò, kí n tó pe Jésù ó ti yọ ọ́. Kò tiẹ̀ rán an.

Mo ní kó fi hàn mí. Áà! Gbogbo ariwo tí mo pa, ẹran ọ̀hún ò tó hóró ìrẹsì, irun kan ṣoṣo ló dúró lórí ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ gbé e lọ sílé ni?"

Nínú márúwá láti Agric dé ilé, ẹsẹ̀ yẹn nìkan ni mò ń wò. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí nínú yín? Ṣé ojú ihò ẹ̀ máa ń yún yín náà?