Òjò Marina Ló Gbé Mi Dé Canterbury

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, òjò ká mi mọ́ Marina. N ò mú agbòjò, bàtà aláwọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Balógun kò sì gbọdọ̀ fojú kan omi. Ni mo bá yà wọ Kàtídírà, mo jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó wá gbàdúrà. Bàtà ni mo wá gbà là o.

Bí mo ṣe ń nu ẹsẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè lórí WhatsApp láti Kent. Wọ́n ní kí n yí fóònù ká káwọn ríran. Mo fi ibi ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther hàn wọ́n. Ariwo tí wọ́n pa, mo sáré fọwọ́ bo fóònù. "Ibi tí bàbá yìí ti joyè bíṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni mo lọ ní Sátidé!"

Canterbury ni wọ́n ń wí, ìlú kan ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àgbà àwọn Áńgílíkà wà. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti fi ìyẹn kọ́ wa ní àkọ́sórí. Ẹni tó wà níbẹ̀ tó ń wò ó ni n kò gbọ́ rí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon lé ọkọ̀ Potogí tó kó ẹrú bá, ó sì gba àwọn inú rẹ̀ sílẹ̀. Àjàyí, ọmọ Ọ̀ṣogùn, wà láàárín wọn. Leeke ni ọ̀gá ọkọ̀ ogun náà. Lẹ́yìn ọdún 42, Leeke ti di ọ̀gágun àgbà ojú omi, òun náà sì wá sí Canterbury lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tó gbà nínú ọkọ̀ ẹrú ló ń wò lórí eékún níwájú bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi tún un sọ.

Ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ọba Henry Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rẹ́ rẹ̀, Thomas Becket, ṣe bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní 1162, ó rò pé ìjọ ti bọ́ sí òun lápò. Becket gorí oyè tán, ó ní ti Ọlọ́run lòun ń ṣe. Ọ̀rọ̀ dìjà, ọba fìbínú sọ̀rọ̀, jagunjagun mẹ́rin gbéra. Ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 1170 ni wọ́n pa á nínú ilé Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n mi ní orúkọ "Thomas" wà lára òkúta ilẹ̀ níbẹ̀, idà irin sì wà lára ògiri. Ní 1174, Henry fẹsẹ̀ lásán rìn wọ ìlú náà wá tọrọ àforíjì, àwọn mọ́ńkì sì fi pàṣán nà án. Kábíyèsí o! Ní girama, Henry, Henry, Henry ni wọ́n kàn ń kà fún wa, kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀kan jẹ ẹgba.

N kò fẹ́ kí wọ́n fi ìtàn pa mí lẹ́nu mọ́. Mo ní òkúta ìpìlẹ̀ ilé tí mo jókòó sí yìí, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló fi lélẹ̀, ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 1925. Òun ló di Edward Kẹjọ ní oṣù Kìíní 1936. Nígbà tó fi di oṣù Kejìlá, ó ti gbé adé sílẹ̀ torí Wallis Simpson, ará Amẹ́ríkà tó ti kọ ọkọ kan rí, tó tún ń kọ ìkejì lọ́wọ́. Kàtídírà wa kò parí títí di 1946. Ẹni tó fi òkúta lélẹ̀ jọba, ó fọba sílẹ̀, àwọn bíríkìlà Marina ṣì ń mọlé. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní báwọn bá wálé Kérésì, ìdí òkúta yẹn làwọn máa kọ́kọ́ yà.

Òjò ti dá, n ò mọ̀. Mo jáde báyìí ni dánfó kan kọjá, ó sì da omi kòtò sí bàtà náà lára.