Ẹ Má Tíì Tẹ G: Ìrìnàjò láti Abẹ́òkúta lọ sí ojú ọ̀run

Ìrìnàjò yìí kò gba owó ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, bátìrì tó kún àti Celestia, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi oòrùn, plánẹ́ẹ̀tì àti ìràwọ̀ hàn bí ẹni ń rìn láàárín wọn, ni gbogbo ẹrù tí a ó dì. Ọ̀fẹ́ ni Celestia. Chris Laurel ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2001, bí ẹ bá sì ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kò tún jẹ dátà mọ́. SpaceEngine, ètò mìíràn tó jọ ọ́, rẹwà jù ú lọ, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń fi rà á, ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára gan-an, ibi tí àwọn onímọ̀ kò sì tíì rí, fúnra rẹ̀ ló ń hun ìràwọ̀ àti plánẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, Celestia ni kó gbé.

Abẹ́òkúta la ti ń gbéra. Ẹ ṣí Navigation, ẹ tẹ Go to Object. Ẹ kọ Earth sí àyè àkọ́kọ́, 3.35 sí Longitude, 7.15 sí Latitude, kí ẹ fi Distance sí 1000 km. Ìlú wa ló wà nísàlẹ̀ yẹn, àmọ́ ẹ má wá Olúmọ: àwòrán Ayé tó bá ètò náà wá kò lè fi ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ hàn. Bí ilẹ̀ bá dúdú, òru ló wà níbẹ̀ ní wákàtí tí ètò náà ń lò. Ẹ tẹ } léraléra, ilẹ̀ á mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á yan Òṣùpá, wọ́n á tẹ G, ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún, wọ́n ti dé. Wọ́n á yan Andromeda, agbo ìràwọ̀ ńlá kan tó jìnnà réré, wọ́n á tẹ G, ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún náà ni. Òṣùpá jìn sí wa ní 384,400 km. Ìmọ́lẹ̀, tó ń sáré 300,000 km ní ìṣẹ́jú àáyá kan, máa ń lo mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ọdún kó tó ti Andromeda dé ọ̀dọ̀ wa. Bọ́tìnnì G ti sọ méjèèjì di ọgbọọgba. Àwọn àgbà ti sọ pé Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni; ojú ló ń tan wá níbẹ̀, torí pé nígbà tí Àgùàlà bá súnmọ́ wa jù lọ pàápàá, ó fi nǹkan bí ìlọ́po 100 jìn ju òṣùpá lọ. Ẹ̀tàn yẹn náà ni G ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká rìn ín. Ẹ tẹ H kí ẹ yan oòrùn, kí ẹ tẹ G (èyí nìkan la gbà láàyè), kí ẹ dúró títí ẹ ó fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì àlàfo gígùn yẹn kí àkókò dúró. Ẹ tẹ 3 láti yan Ayé, C láti kọjú sí i, kí ẹ wá tẹ F4. Ìyára ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré, ẹ ní láti di Fn mú pẹ̀lú F4, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn tàbí ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ lẹ ó máa yí. Kí ló dé tí a fi dá àkókò dúró? Ayé kì í dúró sójú kan. Kí ẹ tó débẹ̀, á ti sún nǹkan bí 15,000 km, èyí tó ju ìbú rẹ̀ lọ, ẹ ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sínú òfìfo.

Ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 19 lẹ máa fi rìn ín. Ẹ jókòó tì í. Fún ìgbà pípẹ́, kò sóhun tó máa yí padà lójú yín, ohun tí a sì wá wò gan-an nìyẹn. Ẹ máa wo ìjìnnà tó wà lókè lápá òsì. Bó bá ku nǹkan bíi mílíọ̀nù km kan, ẹ yára tẹ S kí ẹ dúró. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí Ayé bá tóbi lójú yín, ó ti bọ́: ní ìyára yìí, kò tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá láti la Ayé já.

Ẹ mú ọsàn mímu kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, kí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ Olúmọ. Ká ní oòrùn nìyẹn, Ayé á jẹ́ ẹyọ iyanrìn kan tí kò tó mìlímítà 1, ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i. Neptune, plánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà sí oòrùn jù lọ, á wà ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 300. Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó súnmọ́ oòrùn jù lọ ńkọ́? Ẹ ó la Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire kọjá, ẹ ó tún kọjá Conakry ní Guinea, torí ó tó 2,000 km.

Lórí Celestia, ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ oòrùn, ẹ tẹ Enter, ẹ kọ Proxima, ẹ tún tẹ Enter, lẹ́yìn náà C. F6 ń rin odidi ọ̀nà oòrùn sí Ayé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pẹ̀lú rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30 ti tó láti ti oòrùn dé Neptune. Dé Proxima, ọjọ́ mẹ́ta àti wákàtí díẹ̀ ni, tọ̀sán-tòru. F7 ló yá: ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń fi odidi ọdún rìn ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ó sì dé Proxima ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.

Bí ẹ bá fi F7 rìn fún wákàtí kan, ẹ tẹ * kí ẹ wẹ̀yìn. Àwọn ìràwọ̀ á ti ṣù jọ yí oòrùn ká bíi bọ́ọ̀lù, ìta wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ètò náà kò bàjẹ́, ìràwọ̀ kò sì tán. Hipparcos, sátẹ́láìtì tí àwọn ará Yúróòpù rán lọ sókè ní 1989, ló wọn ìràwọ̀ tó lé ní 118,000 yẹn, ìwọ̀n ibi tí ojú rẹ̀ dé nìyẹn. Ìràwọ̀ inú Milky Way, agbo ìràwọ̀ tiwa yìí, kò dín ní bílíọ̀nù 100.

Láti la Milky Way já pẹ̀lú F7, nǹkan bíi wákàtí 28 ni. Andromeda, tí ẹ ó kọ ní M 31, oṣù kan gbáko. Ní ti ibi tó jìnnà jù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wa, ọdún tó lé ní 1,400 ni. Ká ní ẹnì kan gbéra ní 1830, ọdún tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, tí kò sì dúró níbì kankan, títí dòní kò tíì rin ìdá kan nínú méje ọ̀nà náà.

Láti padà sílé: S, H, G, kí ẹ dúró díẹ̀, 3, G.