Ẹni tí a jọ gbé yàrá

Lánàá, ní ọjà Sábó ní Ìkòròdú, mo rí ẹni tí a jọ gbé yàrá kan náà nílé ẹ̀kọ́ gíga, àpá ńlá kan sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a wọlé ní 2009, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, nítorí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ló kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun (èmi tí a jọ ń sùn kò bi í rí). Wọ́n fún un lówó, wọ́n mú un lọ sóde àríyá, nígbà tí yóò sì fi mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n ti lù ú ní àlùbami nínú igbó lóru, wọ́n sì ti mú un búra. Kí ọdún náà tó parí, àáké ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó pè mí lórúkọ lánàá. Mo dáhùn, mo sì yára wọ ọkọ̀.