Ẹ ka ẹ̀yìn apá òsì kí ẹ tó ka atamátàsé

Bí ìdíje ńlá bá ti ku oṣù kan, ọ̀rọ̀ Super Eagles ló ń gba ẹnu gbogbo ènìyàn ní Abẹ́òkúta. Nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Sápọ́n, nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Kútọ̀, lórí kẹ̀kẹ́ Maruwa tó ń lọ sí Asérò, orúkọ ni wọ́n ń pè: ta ni kí wọ́n mú, ta ni kí wọ́n fi sílẹ̀. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 ní Sùúrùlérè, tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Ṣẹ́gun Odegbami ló gbá méjì sáwọ̀n, Muda Lawal gbá ìkẹta. Ọmọ Abẹ́òkúta ni àwọn méjèèjì, orúkọ Lawal sì wà lára pápá ìṣeré Asérò títí dòní. Ìlú tó ní irú wọn kò gbọdọ̀ fi ojú lásán wo orúkọ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá kọ jáde.

Ohun tó ń dùn mí nínú àríyànjiyàn wa ni pé iwájú la ti ń bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, góòlù mélòó ló ti jẹ lọ́dún yìí?" "Ẹgbẹ́ wo ló ń gbá fún?" Lẹ́yìn wákàtí kan, a ó ti ka atamátàsé mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ẹni kejì ní ẹ̀yìn apá òsì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀yìn ni ilé ti ń jò.

Ẹ mú ìwé kan àti bírò. Ẹ ya àpótí 11 bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ń tò sórí pápá, kí ẹ kọ orúkọ méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn 22. Ẹ fi aṣọ́lé kẹta kún un, ó di 23, iye tí FIFA ń gbà fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé títí di 2018. Ní Qatar 2022, wọ́n sọ ọ́ di 26. Ti Áfíríkà náà ti ga sí i: 23 ní Egypt ní 2019, 28 ní Cameroon, 27 ní Ivory Coast, 28 ní Morocco. Ìyẹn ni pé bí àpótí bá ti kún, orúkọ 3 sí 5 ló kù, orí àwọn yẹn ló yẹ kí ìjà ti wáyé. Àwọn 23 ìṣáájú, ìṣirò ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkọ orúkọ ẹnì kan sínú àpótí méjì. Ola Aina lè gbá ẹ̀yìn apá ọ̀tún, ó lè gbá ti òsì, ẹ̀bùn ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òun nìkan dí ihò méjèèjì, tí iṣan bá fà á lọ́jọ́ kan, àpótí méjì ló ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ kan, àpótí kan. Bí ẹ bá fẹ́ fi sí èkejì, pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́.

Ẹni tó bá rántí ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Bloemfontein, South Africa, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2010, á mọ ohun tí mò ń wí. Kalu Uche ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Greece ní ìṣẹ́jú 16. Ní ìṣẹ́jú 33, Sani Kaita gba káàdì pupa, a ku ènìyàn 10. Lẹ́yìn ìsinmi, Taye Taiwo tó wà ní ẹ̀yìn apá òsì farapa, Uwa Echiejile wọlé rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, Echiejile náà farapa. Rabiu Afolabi, tí àárín ẹ̀yìn jẹ́ ibùjókòó rẹ̀, ló wá lọ dí ibẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìpààrọ̀ mẹ́ta péré ni òfin gbà nígbà náà. Ẹ̀yìn apá òsì nìkan gbé méjì mì, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a ti ku 10, tí àwọn tó wà níwájú sì nílò ẹsẹ̀ tuntun ju ẹnikẹ́ni lọ. Greece na wá 2-1. Nígbà tí a kojú South Korea ní ọjọ́ 22, Afolabi náà ló tún bẹ̀rẹ̀ ní òsì. 2-2 la gbá, a sì kó ẹrù wálé. Bọ́ọ̀lù tí Yakubu gbá jáde níwájú àwọ̀n tó ṣófo ni gbogbo ènìyàn ń sọ títí dòní. Ìpààrọ̀ méjì tó bá apá òsì lọ yẹn, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Lóòótọ́, ìpààrọ̀ ti di márùn-ún báyìí, àmọ́ ẹni tí a kò mú dání kò sí bí a ṣe máa fi pààrọ̀.

Àpótí 11 yẹn náà kì í dúró sójú kan. Ní Ivory Coast, ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, a fi ènìyàn mẹ́rin to ẹ̀yìn, a sì gbá 1-1 pẹ̀lú Equatorial Guinea. Láti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, José Peseiro, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà, to ọmọ àárín ẹ̀yìn mẹ́ta: Semi Ajayi, William Troost-Ekong àti Calvin Bassey. Nínú mẹ́rin tó tẹ̀lé e, góòlù kan ò wọ àwọ̀n wa: Ivory Coast 1-0, Guinea-Bissau 1-0, Cameroon 2-0, Angola 1-0. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ń to ẹ̀yìn báyẹn, ọmọ àárín ẹ̀yìn mẹ́rin kò tó o lórí ìwé, márùn-ún ló kéré jù. Ìdí rẹ̀ ni pé káàdì yẹ́lò méjì nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì á mú kí ènìyàn jókòó síta nínú èyí tó kàn. Kí ẹnì kan jókòó nítorí káàdì, kí ẹlòmíràn ní ìṣòro orúnkún, ó di ẹni méjì péré, ètò tí ikọ̀ ti mọ̀ sì ti dàrú nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ orúkọ kankan, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé báwo ló ṣe ń to ẹ̀yìn.

Ní ti aṣọ́lé, orúkọ ẹgbẹ́ ló ń tan ènìyàn jẹ. Chippa United ní South Africa ni Stanley Nwabali ti wá, ọ̀pọ̀ ló sì ń béèrè pé irú ẹgbẹ́ wo nìyẹn. Òun ló wà láàárín òpó nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a gbá ní Ivory Coast, òun náà ló sì mú pẹnáritì méjì nígbà tí a lé South Africa lọ ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Aṣọ́lé tó ń gbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ẹgbẹ́ kékeré sàn fún mi ju èyí tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹgbẹ́ ńlá. Ojú ló ń kọ́kọ́ kú lára aṣọ́lé tí kì í gbá: bọ́ọ̀lù gíga láti apá pápá, yóò jáde lẹ́yìn àkókò, ìka á kàn án, kò ní í dì í mú. Ẹ má sì fi orúkọ kẹta ṣeré. Ní 2017, àìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú Carl Ikeme tó ń ṣọ́ àwọ̀n wa. Francis Uzoho, ọmọ ọdún 19, ló ṣọ́ ọ ní Russia ní 2018.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìṣẹ́jú, nítorí òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé ju góòlù lọ. Ní Ivory Coast, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7 la gbá láàárín ọjọ́ 29. 7 lọ́nà 90 jẹ́ 630, láìka àfikún àsìkò. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ 8 tó kẹ́yìn kí wọ́n tó kọ orúkọ. Ẹni tó ń wọlé fún ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀ ti gbá 120 péré, ara rẹ̀ kò ṣetán láti gbá 90 lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá pé 450 nínú ọ̀sẹ̀ 8 yẹn kò gbọdọ̀ wà nínú àwọn 11 àkọ́kọ́, ohun yòówù kí orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ó lè wà lára àwọn mẹ́ta tàbí márùn-ún tó ṣẹ́kù.

Iṣan ẹ̀yìn itan burú jù nínú ìpalára, torí ó máa ń padà. Ẹni tó ní in lè sáré jẹ́ẹ́jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí ìrora. Eré àsápajúdé ló ń tú àṣírí. Bó bá ti padà sórí pápá, ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá sá eré gígùn tán: ṣé ó dúró ṣinṣin, àbí ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn itan, tó ń na ẹsẹ̀? Mo fẹ́ kó ti gbá odindi 90 lẹ́ẹ̀mejì ní ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀.

Lórí atamátàsé, mẹ́ta tó, bí àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti òsì bá mọ àwọ̀n. Ní Ivory Coast, Victor Osimhen gbá ẹyọ kan péré sáwọ̀n, Ademola Lookman gbá mẹ́ta. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn méjì ni Osimhen ń fà mọ́ra, Lookman sì ń gba àlàfo yẹn wọlé. Níbi ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 2013, Emmanuel Emenike gbá mẹ́rin, ó farapa nígbà tí a kojú Mali, kò sí nínú àṣekágbá. Sunday Mba, ọmọ àárín tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí, ló gbá góòlù tó na Burkina Faso.

Ìwé àṣẹ náà ń ká agbábọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. England ni Lookman ti ń gbá fún nígbà tó wà lọ́mọdé, oṣù Kejì 2022 sì ni FIFA fọwọ́ sí i kó gbá fún Nàìjíríà, nígbà tí ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ti Cameroon ti kọjá lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń pe ọmọ tuntun láti òkè òkun, ẹ béèrè bóyá FIFA ti fọwọ́ sí i kí ẹ tó fi sínú àpótí.

Lẹ́yìn tí orúkọ bá ti jáde, iṣẹ́ kò tíì tán. Kí Peseiro tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje Ivory Coast, Wilfred Ndidi farapa, Alhassan Yusuf rọ́pò rẹ̀. Victor Boniface farapa, Terem Moffi wọlé. Umar Sadiq náà farapa, wọ́n pe Paul Onuachu. Mẹ́ta nínú 25! Ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé, a lè pààrọ̀ ẹni tó farapa gan-an títí di wákàtí 24 kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, dókítà sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ́lé nìkan ló ṣeé pààrọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ ìwé yẹn: ẹ̀yìn apá kan, àárín ẹ̀yìn kan, nọ́ńbà 6 kan, ìyẹn ọmọ àárín tó ń dáàbò bo ẹ̀yìn, iwájú kan. Kí wọ́n jẹ́ ẹni tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, tí físà wọn sì ti wà nílẹ̀.