Jímọ́ọ̀ ní Stornoway: bí mo ṣe to ibi tí a ó sùn

Ìyá ọkọ mi kì í béèrè ibi tí à ń lọ. Ibi tí a ó sùn ni wọ́n máa ń béèrè. Nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù pé tí wọ́n bá dé Manchester lóṣù kẹfà, a ó gbé wọn lọ wo àwọn òkè àti erékùṣù ilẹ̀ Scotland, wọ́n ní, "Ó dáa, ìyàwó mi. Níbo la ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kìíní? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n ro àmàlà níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wá jókòó ti máàpù ni mo rí i pé ìbéèrè Màmá gan-an niṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

A ti kọ́kọ́ dán ìrìnàjò yìí wò lọ́dún tó kọjá, èmi, baálé mi àtàwọn ọmọ méjèèjì, a sì ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń lé. Alẹ́ márùn-ún, ibùsùn márùn-ún. Àràárọ̀ là ń di ẹrù, alaalẹ́ là ń tú u. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta a kúrò ní Fort William, a fẹ́ lọ wọ fẹ́rì ní Mallaig kí a lè kọjá sí erékùṣù Skye. Máìlì 43 péré ni. Mo ní àyè pọ̀. A yà ní Glenfinnan kí àwọn ọmọ lè rí ọkọ̀ ojú irin elédùú tó ń gba orí afárá olójú 21 kọjá. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ti kún, ọkọ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ olówó. A dúró, a dúró. Ọkọ̀ ojú irin náà kọjá, kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń bó ọsàn kan. Nígbà tí a fi máa dé Mallaig, fẹ́rì ti pa ẹnu dé, a sì ń wò ó bó ṣe ń lọ. Àwọn tó kù lọ́jọ́ náà ti kún.

Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé ènìyàn ń rí Skye lódìkejì omi. Kò sóhun tí a lè ṣe ju kí a padà sí Fort William, kí a wá yí gba Kyle of Lochalsh, níbi tí afárá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1995 wà. Ìyípo náà ju 100 máìlì lọ. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti ń lọ lù kí a tó wọ Portree, òtẹ́ẹ̀lì ti pa iná ilé ìdáná. A mu gàrí sùn nínú yàrá tí owó rẹ̀ ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà lọ́tẹ̀ yìí, n kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a máa kúrò nílé. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Màmá kì í pa Jímọ́ọ̀ jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ní gbogbo erékùṣù ìwọ̀ oòrùn Scotland yẹn, Stornoway tó jẹ́ ìlú tó tóbi jù ní Lewis ni mọ́ṣáláṣí wà. Ọdún 2018 ni wọ́n ṣí i. Ọjọ́ Àìkú sì tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdènà tirẹ̀. Àwọn ará Lewis àti Harris, tí wọ́n jọ wà lórí erékùṣù kan náà, kì í fi Àìkú ṣeré. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ ló máa ń tì. Títí di ọdún 2009, fẹ́rì kì í kúrò ní Stornoway lọ sí Ullapool, ní ilẹ̀ ńlá Scotland, lọ́jọ́ Àìkú. Tí ènìyàn bá ti fi ọjọ́ méjèèjì yìí ṣe òpó, ìyókù á to ara rẹ̀. Jímọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ bá wa ní Stornoway, kí a sì kúrò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́bọ̀ gbọ́dọ̀ bá wa ní Harris. Ìyẹn ni pé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ a gbọ́dọ̀ wà ní Uig, ní ìhà àríwá Skye, níbi tí fẹ́rì Harris ti ń gbéra. Mo ń ka ọjọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Portree ni gbogbo ènìyàn máa ń sùn tí wọ́n bá dé Skye. Ó rẹwà, ilé oúnjẹ wà, ó sì gbówó lórí. Èmi gba ilé ní Uig, máìlì bíi 15 sí Portree, nítorí ibi tí fẹ́rì ti máa gbéra láàárọ̀ ló yẹ kí orí ènìyàn kan ìrọ̀rí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. N ò ní gba àríyànjiyàn lórí ìyẹn mọ́. Bákan náà, mo ṣíwọ́ kíka máìlì. Wákàtí ni mò ń kà. Ọ̀pọ̀ títì níbẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbà. Ibi tí wọ́n bá ri pátákó Passing Place mọ́ ni ẹnì kan ti máa yà fún ẹnì kejì, ẹni tí wọ́n yà fún á sì na ọwọ́ kí ẹni tó yà. Àgùntàn wà tó máa ń sùn sójú títì tí kì í dìde fún fèrè. Máìlì 20 lè gba wákàtí kan.

Alẹ́ kìíní, Balloch, létí adágún Loch Lomond. Ibùsùn lásán ni, a kàn sùn, a sì dìde. Alẹ́ kejì àti ìkẹta, Ballachulish. Orí alẹ́ méjì-méjì yìí ni ìtura wà: ọjọ́ kan á wà láàárín tí kò sí àpò tí a máa dì, orúnkún Màmá á sì sinmi. Mo béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ gbogbo onílé kí n tó sanwó. Ṣé ilé ìdáná wà? Ṣé yàrá kan wà nísàlẹ̀ tí kò ní àkàsọ̀? Ṣé aṣọ fèrèsé yín nípọn? Ìkẹta yẹn, ẹni tó bá mọ oṣù kẹfà níbẹ̀ ló máa yé. Oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ á fi kọjá. Mọ̀gàríbì ń di ohun tí ènìyàn ń jí ara rẹ̀ sílẹ̀ dè, Àṣùbáà sì dé kí oorun tó kúnjú. Màmá wo ojú ọ̀run láago mẹ́sàn-án, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ilẹ̀ ibí yìí ò ní í ṣú ni?"

Ìkẹrin wà tí n kò mọ̀ kí n tó lọ: ṣé atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀? Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní midge, kantíkantí wa náà ni, àmọ́ eléyìí ń jẹni bí ẹni tí ebi ti ń pa látọdún tó kọjá. Ibi tó bá pa rọ́rọ́, lẹ́bàá igi àti omi tí kò ṣàn, ni wọ́n máa ń pọ̀ sí. Ilé tí mo gbà ní Ballachulish pa rọ́rọ́ gan-an ni. Inú mi dùn sí i nínú àwòrán. Ìṣẹ́jú márùn-ún la lò nínú ọgbà kí gbogbo wa tó sá wọlé.

Glencoe ò jìnnà síbẹ̀. Àfonífojì ni, òkè dúdú ní ọ̀tún, òkè dúdú ní òsì, omi ń já láti orí wọn bí òwú funfun. Mo sọ ìtàn ibẹ̀ fún Màmá: pé ní oṣù kejì ọdún 1692, àwọn ọmọ ogun ìjọba wọ̀ sílé àwọn MacDonald tó ń gbé àfonífojì náà, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sùn níbẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 12, kí wọ́n tó dìde láàárọ̀ kùtù pa nǹkan bí ènìyàn 38 nínú àwọn onílé. Màmá dákẹ́. "Oúnjẹ wọn ni wọ́n jẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Wọ́n sùn sórí ẹní wọn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n kàn mi orí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ tí wọ́n dìde lọ wo kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Lọ́tẹ̀ yìí a dé Mallaig nígbà tó ku wákàtí kan ààbọ̀. A kò yà ní Glenfinnan, àwọn ọmọ bínú, mo jẹ́ kí wọ́n bínú. Ní Skye, baálé mi àtàwọn ọmọ gun òkè Old Man of Storr, èmi àti Màmá jókòó sínú ọkọ̀, à ń jẹ ẹ̀pà. Ìséyìn ni Màmá ti wá, Adó-Àwáyè kò jìnnà sí wọn. Wọ́n wo àwọn àpáta tó nà ṣọnṣọ sókè yẹn dáadáa, wọ́n ní, "Ó dára. Àmọ́ orí òkè tiwa, adágún wà níbẹ̀."

Harris lóhun tí n kò lè gbàgbé wà. A ti wo etíkun Luskentyre, iyanrìn funfun, omi tó mọ́ bí gíláàsì, ó tutù débi pé àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ kàn án, wọ́n sì padà. Lọ́sàn-án a yà sí abà kékeré kan tí bàbá àgbà kan ti ń hun aṣọ Harris Tweed. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1993 ló ní ilé àwọn ará erékùṣù ìwọ̀ oòrùn yẹn nìkan ni wọ́n ti lè fọwọ́ hun ún. Mo túmọ̀ ìyẹn fún Màmá, ara wọn yá gágá. Ọmọ ahunṣọ ni wọ́n. Orí òfì ni bàbá wọn kú sí.

Wọ́n ní kí n bá wọn gbé àga súnmọ́ ọn. Ẹsẹ̀ bàbá náà ń lọ lórí ìtẹsẹ̀, ọ̀kọ̀ ń fò lọ, ó ń fò bọ̀, ariwo rẹ̀ gba inú abà kan. Lẹ́ẹ̀kan náà òwú já. Bàbá dá ẹsẹ̀ dúró, ó wá ibi tó ti já, ó fi ìka méjì ta á ní kókó, ó fi itọ́ díẹ̀ sí i, ó fà á. Màmá di ọwọ́ mi mú: "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn!" Wọ́n ní aṣọ rẹ̀ ti fẹ̀ jù, pé tiwa kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kí wọ́n tó rán an pọ̀. Wọ́n tú ìborùn òfì èjìká wọn, wọ́n nà án sí bàbá náà. Kò wo ojú aṣọ rárá. Ó dà á kọ, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra á. Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ahunṣọ ni lóòótọ́. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ wò." N kò túmọ̀ èyí. Wọ́n ti gbọ́ ara wọn yé.

A kírun Jímọ́ọ̀ ní Stornoway, ní ilé kékeré kan tí wọ́n tún ṣe di mọ́ṣáláṣí. Nírọ̀lẹ́ a wakọ̀ lọ wo àwọn òkúta Callanish tó ti wà nídùúró fún nǹkan bí 5,000 ọdún. Òjò lé wa padà. Àmàlà wà nílé.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni alẹ́ tó gbẹ̀yìn. Fẹ́rì Ullapool gba bíi wákàtí méjì ààbọ̀, a sì sùn ní Inverness nítorí ó súnmọ́. Mo gbàgbé ìṣirò ti ara mi. Láti Inverness sí Manchester lé ní 350 máìlì, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọmọ méjì àti orúnkún kan. Nígbà tí a fi máa dé Carlisle, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ Màmá sì ti wú. Stirling ló yẹ kí a sùn. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn máàpù náà pẹ̀lú bírò pupa.