Dáàmù Ọ̀yán: omi rèé rẹpẹtẹ, iná dà?

Bí ẹ bá ń mu omi ẹ̀rọ ní Èkó tàbí ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ Dáàmù Ọ̀yán kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Inú mi dùn pé mo lọ, àmọ́ inú tún bí mi níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta, a ti dúnàádúrà tán, ₦3,000, àwọn agbèrò sì gbọ́ ọ. Bí a ṣe súnmọ́ omi báyìí, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ₦6,000 ni. "Àǹtí, ọ̀nà yìí ti ba táyà mi jẹ́. Epo ti gbówó. Ta ni mo fẹ́ gbé padà?" Ọ̀nà náà burú lóòótọ́, kòtò lórí kòtò, eruku pupa bò mí dé ìpéǹpéjú. Ṣùgbọ́n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà burú! Mo ní n kò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Ó di báàgì mi mú. Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi ló gbà mí: "Ìwọ ọmọ yìí, iye tí ẹ jọ sọ ni kí o gbà. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò nìyẹn?" Ó gba ₦3,000, ó ń kùn lọ. Ẹ má gbàgbé láti mú owó tó ṣe régí dání, torí irú wọn kì í ní ṣéńjì láé.

Ìgbà tí ara mi balẹ̀ ni mo tó gbójú sókè wo omi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó pọ̀! Nǹkan bíi 4,000 hẹ́kítà ilẹ̀ ló bò, ó sì lè gba omi tó tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Láti ibẹ̀ ló ti ń lọ bọ́ sínú odò Ògùn, odò Yemọja, tí yóò fi dé Àkúté níbi tí Èkó ti ń fà á.

Mo jókòó ti bàbá yẹn. Ó nawọ́ sí àárín omi, ó ní, "Oko bàbá mi ń bẹ lábẹ́ ibẹ̀ yẹn." Wọ́n kó wọn lọ sí abúlé tuntun nígbà tí omi ń bọ̀. Abúlé tuntun ọ̀hún ni àtọ̀sí ajá wá bá wọn, torí adágún tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni ìgbín kékeré tó ń gbé kòkòrò rẹ̀ fẹ́ràn. Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, lára ọmọ kékeré! Nítorí náà, bó ti wù kí oòrùn mú tó, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi yẹn.

Àjọ Ìdàgbàsókè Agbègbè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́nà Alábàtà, ló ni dáàmù náà. Ọ̀dá tó jà lókè ọya ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ló jẹ́ kí ìjọba ronú irú àjọ yìí. Ní 1973, wọ́n dá ti Sókótó àti Rímà sílẹ̀, pẹ̀lú ti adágún Chad. Ní 1976, lábẹ́ Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wọ́n sọ ọ́ di 11 káàkiri Nàìjíríà, tiwa sì wà níbẹ̀. Ààrẹ Ṣàgàrí ló ṣí Ọ̀yán ní oṣù kẹta ọdún 1983. Nígbà tó fi máa di 1984, ológun ti gbàjọba, wọ́n pín àwọn àjọ náà sí 18. Kò pẹ́, wọ́n tún dá wọn padà sí 11. Ìgbà wo ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fẹ́ fara balẹ̀ ṣiṣẹ́?

Èyí tó dùn mí jù ni ti iná. Ní 1983 yẹn, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta sínú dáàmù, megawatt 3 ni agbára ìkọ̀ọ̀kan. Títí di 2007, wọn kò tíì lò ó. Ọdún 24! Àwọn tó fi ilẹ̀ bàbá wọn sílẹ̀ fún dáàmù ń tan àtùpà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ iná. Bí òjò bá tún pọ̀, tí wọ́n ṣí omi sílẹ̀, ará Ìṣẹ́rí àti Kárà, létí odò Ògùn nísàlẹ̀, á máa kó ẹrù sá. Ó yẹ kí wọ́n dáhùn fún un.

Oúnjẹ ló tu ìnira mi. Obìnrin kan ń ta láfún nítòsí ibẹ̀, pẹ̀lú ewédú àti ẹja epìyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi, ó sè é pẹ̀lú ata rodo, irú ò sì wọ́n nínú rẹ̀. Láfún funfun kinniwin, kò ní kókó rárá. Mo ní, "Ìyá, ẹ fi ẹja kan kún un." Ó fi kún un, ó tún bu omi ọbẹ̀ lé e láìgba owó rẹ̀. ₦2,000 péré. Mo ti san ìlọ́po méjì fún ẹja inú yìnyín tí kò ládùn ní Ìkẹjà. Àárọ̀ ni kí ẹ dé ibẹ̀ o, torí bó bá ti di ọ̀sán, àwọn alájàpá ti kó ẹja gidi lọ.